Àbá Kú, Kò Sẹ́ni Tó Pa Á: Bí Ìlànà Ìpàdé Ṣe Ń Darí Ọ̀rọ̀ Nílé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Nígbàkígbà tí ìpàdé gbogbogbòò bá ti tú, kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ìráhùn kan náà: pé àkókò ti ṣòfò jù lórí "ta ló dá àbá, ta ló kín in lẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá." Àwọn kan a ní ọ̀rọ̀ owó ló gbé àwọn wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ojú ewé ti oṣù yìí wo bí irú nǹkan tó jọ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń yí ọ̀rọ̀ odidi orílẹ̀-èdè padà. Ìlànà tí akọ̀wé wa ń tẹ̀ lé nínú ìpàdé àti èyí tí wọ́n ń lò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì ti wá, láti ilé aṣòfin wọn ní London.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953. Ilé Aṣojú-ṣòfin tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin Macpherson ti 1951 ń jókòó lọ́jọ́ náà. Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, dìde, ó sì dá àbá pé kí ilé gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpinnu pàtàkì pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní ọdún 1956. Ẹ ṣàkíyèsí àbá náà dáadáa: ọdún wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ta ọjà láwìn, tó wá sọ pé ọjọ́ báyìí ni kí ẹ san owó mi.

Sardauna ti Sókótó, Ahmadu Bello, tí í ṣe aṣíwájú ẹgbẹ́ NPC, mú àtúnṣe wá. Kò sọ pé òun kò fẹ́ ìjọba ara-ẹni o. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe kò ju pé kí wọ́n yọ "1956" kúrò, kí wọ́n fi "ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" sí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oníbàárà tó ní òun yóò san owó lọ́jọ́ Jímọ̀ àti èyí tó ní òun yóò san án nígbà tí Ọlọ́run bá ṣe é. Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló gbà pé àwọn jẹ gbèsè.

A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ àwọn ará Àríwá. Wọ́n ní ìdí tiwọn. Wọn kò tíì ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó pọ̀ tó ti Gúúsù, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí òyìnbó bá lọ lójijì, àwọn akọ̀wé láti Gúúsù ni yóò wá gba gbogbo ipò ìjọba ní ilé wọn. Ẹni tó bá bẹ̀rù lè ní kí a ní sùúrù. Ohun tí a ń wò níhìn-ín ni ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́.

Nítorí nígbà tí ìjà àtúnṣe náà gbóná, ọmọ ẹgbẹ́ NPC kan dìde, ó dá àbá mìíràn: pé kí ilé sún ìjíròrò náà síwájú. Ibí yìí ni ọgbọ́n ìlànà ti fara hàn. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìpàdé, bí ẹnì kan bá dá àbá pé kí a dá ọ̀rọ̀ dúró, àbá yẹn ni a ó kọ́kọ́ pinnu kí a tó padà sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ìdajì àwọn aṣojú tí a dìbò yàn sí ilé náà ló wá láti Àríwá, 68 nínú 136, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn ní 34 ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó mọ ìṣirò ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí wọ́n bá sún ìjíròrò síwájú, àbá Enahoro kò wọlé, kò sì jábọ́. Kò sí aṣòfin kankan tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí lọ́la pé ìwọ lo dìbò lòdì sí òmìnira. Àbá ti kú, kò sẹ́ni tó pa á.

Àwọn aṣòfin Action Group àti ti NCNC bínú, wọ́n dìde, wọ́n jáde kúrò nílé lápapọ̀. Àwọn mínísítà Action Group mẹ́rin tó wà ní ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fi ipò sílẹ̀: Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Bọ̀dé Thomas, S. L. Akíntọ́lá àti Arthur Prest. Àwọn ọ̀pọ̀ ènìyàn l'Ékòó hó lé àwọn aṣòfin Àríwá lórí, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò gbàgbé. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, nígbà tí Action Group fẹ́ lọ ṣe ìpàdé ní Kánò, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní ẹ̀mí 36 ló bá a lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá rí i pé òfin Macpherson kò lè dúró mọ́, wọ́n pe gbogbo àwọn aṣíwájú lọ sí London ní ìdajì ọdún 1953, láti ibẹ̀ sì ni òfin tuntun ti 1954 ti jáde, èyí tó fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára púpọ̀ sí i. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni ní 1957, Àríwá gba tirẹ̀ ní 1959, gbogbo wa sì gba òmìnira ní 1960. Àwọn òpìtàn mìíràn a máa fi gbogbo èyí sórí ìwà àwọn aṣíwájú nìkan. Ní tiwa o, a rò pé àbá ìsúnsíwájú yẹn ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí wọ́n dìbò tààrà lórí àtúnṣe Sardauna, ẹgbẹ́ kan ì bá borí, èkejì ì bá fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n wọ́n ì bá ṣì jókòó sínú ilé.

Ẹ má ṣe rò pé ìsúnsíwájú jẹ́ ohun búburú ní gbogbo ìgbà. Irinṣẹ́ ni, ọwọ́ tó mú un ló ń sọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó-orí tó kan gbogbo ọlọ́jà. Ní oṣù kẹwàá 2024 ni Ààrẹ Tinúbú fi àbádòfin owó-orí mẹ́rin ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin. Nínú wọn ni wọ́n ti fẹ́ kí VAT, owó-orí tí a ń san lórí ọjà, kúrò ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kó di 10, lẹ́yìn náà 12.5, kó tó di 15 ní ọdún 2030. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà pín owó náà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ bí àwọn gómìnà Àríwá nínú púpọ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí kọ̀míìtì. Ilé Aṣojú-ṣòfin ti dá ọjọ́ ìjíròrò tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú láìdá ọjọ́ mìíràn. Ariwo sọ pé àbá ti kú nìyẹn. Kò kú. Láàárín ìgbà tí wọ́n fi sún un, àwọn gómìnà jókòó, wọ́n fẹnu kò ní oṣù kìíní 2025 lórí bí a ó ṣe pín owó náà, wọ́n sì ní kí VAT má ṣe gòkè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà dé ilé, ọ̀nà ti là. Ilé Aṣojú-ṣòfin ṣe ìpàdé ìtagbangba ní oṣù kejì, níbi tí àwọn oníṣòwò àti onírúurú ẹgbẹ́ ti wá sọ tẹnu wọn. Nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, ìdá 7.5 náà ni VAT ṣì wà. Òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n ti dá owó yín dúró. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá tí ẹ̀ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Àárín kíkà kejì àti ìkẹta ni, níbi tí kámẹ́rà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa kíkà wọ̀nyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbọ́ ọ nínú rédíò tí wọ́n rò pé aṣòfin ń kàwé ni. Kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbádòfin nìkan ni akọ̀wé ilé ń pè. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìkejì ni ibi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá ohun tí àbádòfin náà fẹ́ ṣe dára tàbí kò dára. Bí ó bá jábọ́ níbẹ̀, ó parí. Bí ó bá yè é, ó dọ̀dọ̀ kọ̀míìtì, níbẹ̀ ni a ti ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ilé á yẹ iṣẹ́ kọ̀míìtì wò, wọn á kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ilé kejì náà á ṣe tirẹ̀, wọn á wá gbé e lọ bá Ààrẹ. Ààrẹ ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà yìí gùn. Bí ọdún mẹ́rin ilé bá sì pé kí àbádòfin tó débẹ̀, ó sáábà máa ń bá ilé lọ ni, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tún bẹ̀rẹ̀. Àbádòfin epo rọ̀bì, tí wọ́n ń pè ní PIB, ọdún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. Oṣù kẹjọ 2021 ni ó di òfin. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì kó tó jáde.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ohùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ń dùn wá jù.

Bí ìjíròrò bá parí, olórí ilé á béèrè pé kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé "Bẹ́ẹ̀ ni", kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé "Bẹ́ẹ̀ kọ́". Etí rẹ̀ ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Yóò lu òòlù, yóò ní àwọn báyìí ló borí. Etí kan ṣoṣo ló ń pinnu. A ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí ohùn méjèèjì dọ́gba létí tiwa nílé, tí òòlù sì ti dún kí a tó rí ẹni bi. A kò sọ pé olórí ilé purọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ohùn kò ṣeé kà, kò sì ní orúkọ lára.

Nígbà mìíràn ó dára bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2006, Ilé Aṣòfin Àgbà lábẹ́ Ken Nnamani pa àbádòfin tí ì bá fún Ààrẹ Ọbásanjọ́ láyè láti du ipò lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn ni wọ́n fi pa á, níbi kíkà kejì. Ṣùgbọ́n kí ohùn yẹn tó dún, àwọn aṣòfin ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde bí ó ti ń lọ, oníkálukú ń sọ ibi tí òun dúró sí lójú gbogbo ayé. Nígbà tí olórí ilé béèrè ìbéèrè, gbogbo ìlú ti ka ìbò náà tán. Ìṣòro kan péré ló wà níbẹ̀: àtúnṣe tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ sáà kẹta yẹn nínú ìdì kan ṣoṣo. Èyí tó dára nínú wọn bá èyí tí ìlú kò fẹ́ wọ sàréè. Ní 2015 bákan náà, Ààrẹ Jonathan kọ̀ láti fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tí wọ́n kó jọ sójú kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì, tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ń dá rìn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àbádòfin àwọn ọ̀dọ́, èyí tó dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25, ṣe rí ọ̀nà gbà kọjá, tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2018. Ọlọ́jà tó bá di ọsàn tútù pọ̀ mọ́ èyí tó ti bàjẹ́ mọ ohun tí a ń wí.

Ẹ tún wo ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2016. Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí láti Èkìtì gbé àbádòfin kan wá tó fẹ́ kí obìnrin àti ọkùnrin ní àǹfààní kan náà lábẹ́ òfin. Àwọn kan dìde láti sọ pé ó lòdì sí ẹ̀sìn tàbí àṣà, wọ́n béèrè ìbò ohùn, ó jábọ́. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ni a mọ̀. Àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n sì pariwo "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ńkọ́? Títí di òní, kò sí ìwé tí ìyá ọlọ́jà kan ní Ìbàdàn tàbí ní Kánò lè ṣí láti rí bí aṣòfin ẹkùn tirẹ̀ ṣe dìbò lọ́jọ́ yẹn.

Ìlànà ní oògùn fún èyí o. Bí olórí ilé bá ti kéde tán, tí aṣòfin kan kò sì gbà, ó lè dìde lójú ẹsẹ̀ kó ní kí wọ́n ka ìbò lórúkọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2021 ni Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe lo oògùn náà. Ọ̀rọ̀ òfin ìdìbò ni wọ́n ń sọ: ṣé kí INEC lè fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ èsì ìbò láti ibùdó ìdìbò? Àtúnṣe kan ti wọlé tó ní kí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, NCC, kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibi gbogbo, kí ilé aṣòfin náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n pariwo, olórí ilé, Ahmad Lawan, ní àwọn tó fẹ́ àtúnṣe náà ló borí. Abaribe ní rárá, ẹ ka orúkọ. Wọ́n pe sẹ́nétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fẹ́ àtúnṣe náà jẹ́ 52, àwọn tí kò fẹ́ ẹ jẹ́ 28.

Ẹ lè ní kí ló wá jèrè, ṣebí òun náà ló pàdánù? Ó pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìwé ìròyìn ti tẹ orúkọ 52 náà jáde, ti 28 náà àti ti àwọn tí kò sí níjòókòó, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ aṣòfin wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé kan náà padà sórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n yí ìpinnu wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún INEC láti yan ọ̀nà tí yóò gbà fi èsì ránṣẹ́. Òfin náà jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2022. A kò lè búra pé ìwé orúkọ yẹn nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá mọ ẹni tí yóò bi léèrè, bí kò bá sí orúkọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ohùn ti kọ wá lóminú jù ni ti ìpínlẹ̀ Rivers. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2025, Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì níbẹ̀, ó dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà. Ìwé òfin, ní abala 305, ní ìkéde bẹ́ẹ̀ kò lè dúró àyàfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan bá fọwọ́ sí i. Aṣòfin àgbà jẹ́ 109, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ dín ní 73. Aṣojú-ṣòfin jẹ́ 360, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ dín ní 240. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i, ìbò ohùn ni wọ́n lò. Àwọn olórí ilé ní iye tó yẹ wà níjòókòó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wà níjòókòó yàtọ̀ sí kí ó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀. Bí akápò wa bá dìde nínú ìpàdé ọdọọdún tó ní owó tó yẹ ká bá lápò wà níbẹ̀, òun gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ó wí fún un.

Àwọn àgbà inú yín yóò rántí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962, nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, àwọn tó mọ̀ pé bí wọ́n bá dìbò àwọn yóò pàdánù kò jẹ́ kí ìbò wáyé rárá: wọ́n gbé àga, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó fọwọ́ sí ìjọba pàjáwìrì fún ẹkùn wa. Awólọ́wọ̀, tí í ṣe aṣíwájú alátakò nígbà náà, dìde lójúkojú pẹ̀lú olórí ìjọba, Balewa, ó ta kò ó. Lónìí, Ààrẹ kì í jókòó sílé aṣòfin. Láti 1979 tí a ti gba ìlànà Amẹ́ríkà, kò sí ọjọ́ tí aṣòfin lè dìde bi Ààrẹ ní ìbéèrè níbi ìjókòó kí ó sì dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà, bí wọ́n ti ń ṣe sí Balewa. A sọ èyí nù nígbà tí a yí ìlànà padà, kò sì dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣàárò rẹ̀. Àwa ṣàárò rẹ̀.

Nípa ọ̀pá àṣẹ yìí náà, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín pé kí ni igi tí wọ́n fi wúrà bò. Láìsí i lórí tábìlì, ilé kò lè jókòó. Ìdí nìyẹn tí Chuba Okadigbo, tó jẹ́ olórí Ilé Aṣòfin Àgbà ní 2000, fi gbé e pamọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Ìdí náà sì nìyẹn tí àwọn jàǹdùkú fi wọ ilé kan náà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2018, tí wọ́n gbé e sá lọ níṣojú gbogbo wọn. Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá rí i lábẹ́ afárá l'Ábújà. Kò sẹ́ni tó ń jí ohun tí kò ní agbára.

Ohun méjì tó kù tí ọlọ́jà yẹ kó mọ̀. Èkínní, ẹ máa ń gbọ́ nínú rédíò pé "ilé aṣòfin pàṣẹ kí ìjọba tún ọ̀nà báyìí ṣe" tàbí "ilé aṣòfin ní kí wọ́n dá owó epo padà sí iye àná". Inú yín a dùn, oṣù kan a kọjá, kò sí nǹkan. Àbá lásán ni ìyẹn. Kò gba kíkà mẹ́ta, Ààrẹ kò fọwọ́ sí i, kò sì de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn ni. Ó wúlò láti fi ariwo ta, aṣòfin tó dá a á sì rí ohun tí yóò kó lọ fi han àwọn ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin.

Èkejì ni àṣà "tẹríba, kí o máa lọ". Bí Ààrẹ bá fi orúkọ mínísítà ránṣẹ́, Ilé Aṣòfin Àgbà ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà pé ẹni tó bá ti ṣe aṣòfin rí, kí ó kàn tẹríba fún wọn, kó máa lọ, láìsí ìbéèrè. Kò sí níbi kankan nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń bù fún ara wọn. Ọ̀wọ̀ dára, Yorùbá ni wá, a mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa, kò sí bí ó ti lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ pẹ́ tó, a ṣì ń bi í léèrè ohun tí yóò fi owó náà ṣe àti ẹni tó dúró fún un.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti bi wá bí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó ṣe lè tẹ̀ lé gbogbo èyí. Abala 55 ìwé òfin 1999 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa lò nílé aṣòfin àpapọ̀, àti Hausa, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí wọ́n bá ti ṣe ètò tó yẹ fún un. Ètò náà ni wọn kò tíì ṣe. Nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ó yàtọ̀, nítorí abala 97 fún wọn láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ kún un, ilé aṣòfin Èkó sì ti ń lo Yorùbá ní àwọn ọjọ́ kan. Ìpàdé ìtagbangba ti kọ̀míìtì ló súnmọ́ yín jù. Wọn a máa kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ tó bá sì ní ọ̀rọ̀ lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kọ̀míìtì náà kí ọjọ́ tó pé, kó tún rán ẹni tí yóò wá dúró lé e. Bí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá kan ọjà, owó àjẹmọ́nú tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ mú un wá fún akọ̀wé yín. Kíkà kejì ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé àbádòfin ti kọjá ibẹ̀, àsìkò ìwé kíkọ ti tó.